Kí Ló Ń Tì Yín Lójú?

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, inú ló ń bí mi jù. Ẹ mọ ọmọ tí mò ń sọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti sunkún tó. Ọmọ tó kàwé gboyè, tí kò tíì rí iṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu, tó wá ń kó kẹ̀kẹ́ ẹrù jọ níta súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní New Jersey níbí. Ọ̀kan nínú yín jókòó sínú mọ́tò, ó ya fídíò rẹ̀ nínú òjò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ọ̀mọ̀wé wa rè é o!" Ẹ fi ránṣẹ́ kiri, ẹ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, nítorí sọ̀wédowó tí wọ́n jí, tí ẹnì kan ní kó bá òun gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá.

Kí ló rí jẹ níbẹ̀? Bàtà funfun kan ni mo rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbi ìkómọ tá a lọ kẹ́yìn. Gbogbo yín lẹ yìn ín.

Kì í ṣe jìbìtì yẹn gan-an ló ń gba oorun lójú mi. Ojú tó tì í yẹn ni. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tì í lójú, sọ̀wédowó olè kò tì í lójú. Ẹ bá mi wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín. Kò jìnnà, Clifton níbí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Geoffrey Owens lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lè má mọ̀ ọ́n, ẹ bi àwọn ìyá yín. Òun ló ṣe Elvin nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Cosby Show, ọkọ Sondra, àkọ́bí ìdílé inú eré náà, láti 1985 títí eré náà fi parí ní 1992. Ọmọ Brooklyn ni. Major Owens, bàbá rẹ̀, jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà láti 1983 dé 2007. Yale ni òun fúnra rẹ̀ ti kàwé jáde. Tó bá jẹ́ ti ìwé, tó bá jẹ́ ti ilé ire, kò sí èyí tí kò ní.

Ẹ béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ní 1988 tí mo dé, èmi tí mo ti jẹ́ tíṣà nílé, ìyá òyìnbó kan ni mo ń tọ́jú. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń nù ún nídìí, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, màmá á ní kí n ti àga òun sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwa méjèèjì á sì jọ wo Cosby. Elvin kì í dùn mọ́ ọn nínú rárá, nítorí níbẹ̀rẹ̀ ó ń ṣe bí ẹni pé ẹrú ọkọ ni obìnrin. Tó bá ti yọjú, màmá á pòṣé. Ọjọ́ tí Elvin àti Sondra wá ní àwọn kò lọ kọ́ ìṣègùn àti òfin mọ́, pé ṣọ́ọ̀bù làwọn fẹ́ ṣí, kí àwọn máa ta ẹrù fún àwọn tó ń lọ pàgọ́ sínú igbó, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi da tíì sílẹ̀. Àwọn òbí Sondra fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè nínú eré. Mo ní, bí wọ́n ṣe máa ṣe é nílé wa gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwà tèmi náà. Tí mo bá ń lọ síṣẹ́ yẹn, kóòtù àti bàtà gogoro ni mo máa ń wọ̀ jáde. Yunifọ́ọ̀mù mi, bàtà rọ́bà mi, ìbọ̀wọ́ mi, inú náílọ̀nù dúdú ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ kan ní Irvington, náílọ̀nù já. Bàtà rọ́bà yí dé iwájú obìnrin ará ìlú wa kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó nà án sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kì í ṣe tèmi. Ẹ gbọ́ o, bàtà tó bọ́ nínú náílọ̀nù mi! Mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì fi bàtà gogoro ṣiṣẹ́ dalẹ́. Nínú lẹ́tà sí ìyá mi ní Ìlá, mo kọ ọ́ pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó kú láì mọ iṣẹ́ tí mo fi kọ́ ilé tó kú sí.

Owens ńkọ́? Eré parí. Ó ń rí ipa kéékèèké níbí lọ́hùn-ún, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní eré orí ìtàgé, ó ń kọ́ wọn ní Shakespeare. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Bill Cosby, olórí òṣèré náà, wá dàrú, tí wọ́n fẹ̀sùn fífipá bá obìnrin lò kàn án, tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yọ eré náà kúrò, owó tó máa ń wọlé fún un nígbà tí wọ́n bá tún un fi hàn gbẹ. Ó níyàwó, ó lọ́mọ. Ó wáṣẹ́ sí súpámákẹ́ẹ̀tì Trader Joe's ní Clifton, nítorí pé iṣẹ́ náà kò ní dí i lọ́wọ́ àtilọ máa díje fún ipa eré. Oṣù 15 ló fi wà níbẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹjọ 2018, oníbàárà kan ya fọ́tò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìgbowó. Ìwé ìròyìn Daily Mail gbé e jáde, ilé ìròyìn Fox News náà gbé e. Wọ́n tún kọ ọ́ pé tíṣáàtì rẹ̀ lábàwọ́n! Ẹni ọdún 57. Kí wá ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí èyí tí ẹ̀yin ṣe nínú mọ́tò? Ẹ dá mi lóhùn.

Òun náà fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí ojú àwọn èèyàn. Ó dùn ún, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Amẹ́ríkà fi ń yẹ́ òṣìṣẹ́ sí, ó lọ jókòó sórí ètò tẹlifíṣọ̀n àárọ̀ Good Morning America, ó dé fìlà Yale, ó sì lẹ káàdì orúkọ Trader Joe's mọ́ àyà. Méjèèjì pa pọ̀. Ó ní kò sí iṣẹ́ tó sàn ju iṣẹ́ lọ. Owó ọ̀kan lè ju ti èkejì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló níyì. Àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí àwọn náà ti ṣe. Terry Crews ní òun gbálẹ̀ lẹ́yìn tí òun ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní NFL tán. Tyler Perry, tó ń ṣe fíìmù, pe Owens wá ṣeré. Nicki Minaj olórin fún un ní $25,000, Owens sì gbé owó náà fún Actors Fund tó ń ran àwọn òṣèré lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu yín. Ẹ ó ní, "Màmá, olókìkí nìyẹn." Òótọ́ ni. Tyler Perry kò pe ọmọ tiwa. Ta ló pè é? Àwa dá? Ẹni tó kọ́kọ́ pè é lẹ́yìn fídíò yẹn ni oní sọ̀wédowó olè yẹn, ó sì pè é ní "ọ̀gá mi". Èmi náà rí fídíò náà. N kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò pè é. Mo ní màá pè é lẹ́yìn ìsìn, mo gbàgbé.

Ẹ má fi àkáǹtì yín yá ẹnikẹ́ni. Bó jẹ́ ọmọ ìyá yín ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá yín mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an, nítorí èmi kò tún rí tèmi sọ fún mọ́. Ẹ lọ yunifọ́ọ̀mù yín kó gún. Tí ẹ bá sì bá ọmọ wa nídìí káńtà, ẹ má yí orí kúrò bí ẹni tí kò rí i. Ẹ kí i tòó, kí gbogbo ìlà gbọ́, kí ẹ sì bá a di ẹrù tiyín sínú báàgì.

Wọ́n ti gba ìdúró rẹ̀, ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wálé. Mò ń se ọbẹ̀ lọ síbẹ̀. Fídíò yẹn ṣì wà lórí fóònù yín, mo mọ̀. Ẹ pa á rẹ́ kó tó dé.