Ìpè sí Ẹ̀yin Ọmọ Ìlú: Ẹ Dáwó sí Ètò Ẹ̀kọ́ Fóònù fún Àwọn Àgbà Wa ní Aba Oko

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ni a bá wá, àwọn tó kù sí àwọn aba tó yí ìlú wa ká ní Òkè-Ògùn níbí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti tú ká lọ sí Ìbàdàn, Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ti pinnu láti kọ́ wọn bí a ṣe ń lo fóònù.

Gbogbo wa la rántí ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ń kó owó àtijọ́ kúrò nílẹ̀ tí owó tuntun kò sì kárí. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi fóònù sanwó rí oúnjẹ rà. Àgbà tí kò mọ̀ ọ́n ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó di ọdún 2024, wọ́n tún ń ti ìlà fóònù ẹni tí kò so nọ́ńbà NIN mọ́ ọn pa. Ẹni tó sì fi ìgbà èwe rẹ̀ sìn ní rélùwéè, tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ àjọ PTAD, ní láti fi ojú han kámẹ́rà lórí ètò “I Am Alive” kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti nọ́ńbà àṣírí. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ gba owó tí ẹ fi ránṣẹ́, yóò na káàdì sí oní-POS, yóò sì pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè létí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀. A kò pe oní-POS kankan lólè, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣàánú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka iye tí wọ́n yọ kò ní bí yóò ṣe mọ̀ bóyá ó pé. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń pè bí ẹni pé láti báǹkì ni wọ́n ti ń pè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èdè Yorùbá ni a ó fi kọ́ wọn, ní aba wọn gan-an, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Fóònù kékeré ni a ó fi bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń wo iye tó wà ní àkáǹtì, bí a ṣe ń dá àlẹ́ẹ̀tì tòótọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni WhatsApp, pàápàá fífi ohùn ránṣẹ́, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé kà lè sọ̀rọ̀, ó sì lè gbọ́. Àwọn àgùnbánirọ̀ àti ọ̀dọ́ ìlú tó bá ní sùúrù ni olùkọ́, a kò ní gba ẹni tó máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ àgbà pé “ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n bá yín tẹ̀ ẹ́.” Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ aba kò ti ní iná, a ó ra sólà tí wọn yóò máa fi gba iná sí fóònù.

Nítorí náà, a ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílé kí ó san ₦5,000, kí ẹni tó wà ní ìlú Ọba san £20, kí ti Amẹ́ríkà san $25, sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀; akápò yóò ka ìṣirò rẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbòò. Ẹni tó bá ní fóònù àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára, kí ó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ yọ àkáǹtì tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, torí fóònù tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò wúlò fún wa. Ẹ tún fi orúkọ aba yín àti iye àgbà tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí a lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé àgbà, lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ.