Lẹ́tà sí Tinúkẹ́ ní Kánádà

Ilé-Ifẹ̀,
Oṣù Kìíní.

Tinúkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfaradà òtútù o. Bàbá Ayọ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ ti mú níbí. Ètè gbogbo wa ti sán, eruku sì bo mọ́tò débi pé àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ìka kọ orúkọ wọn sí i lára.

O bi mí ohun tó ń sọ òkun Halifax di àwọ̀ ewé bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Phytoplankton ni, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín inú omi tó ń ṣe bí ewéko. Wọ́n kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí, oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ara wọn, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé, ọwọ́ wọn ló wà. Mo bu omi adágún Ọ̀pá wá sí kíláàsì, nítorí ẹbí wọn wà nínú omi tí kò níyọ̀ náà. Ẹ̀kán kan péré lábẹ́ máíkírósíkóòpù, a rí díátọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀kan nínú ẹ̀yà wọn, èèpo rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ọmọ kan figbe ta: "Tíṣà, ó ń rìn!"

Àwọn èèyàn rò pé bí òkun ṣe ń gbóná sí i, ooru ló ń pa wọ́n. Lọ́pọ̀ ibi, ebi ni. Ìsàlẹ̀ òkun ni oúnjẹ bíi náítíréètì, tó dà bí ajílẹ̀ fún wọn, pọ̀ sí. Bí omi òkè bá gbóná, á fúyẹ́, á dúró sórí èyí tó tutù bí epo lórí ọbẹ̀, tìsàlẹ̀ ò sì ní rọ́nà gòkè. Díátọ́ọ̀mù ńlá á dín kù. Àwọn wẹ́wẹ́ bíi Prochlorococcus, tí díẹ̀ tó, á máa jẹ̀gbádùn. Ẹja ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ṣe pé wẹ́wẹ́ nìkan ló kù. Lọ́dọ̀ tiyín, ìjì ìgbà òtútù ti ru oúnjẹ sókè, oòrùn ni wọ́n ń retí. Ní Gánà, láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án lomi tútù máa ń ru sókè, ìgbà yẹn gan-an làwọn apẹja ń kó ṣáwá.

Eruku ọyẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o! Sàhárà ló ti ń bọ̀, púpọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí Àtìláńtíìkì, phytoplankton sì ń jẹ irin inú rẹ̀. Lọ́dún 1988, John Martin, onímọ̀ nípa òkun ará Amẹ́ríkà, dápàárá pé kí wọ́n fún òun ní irin ìdajì táńkà, òun á dá ìgbà yìnyín ayé àtijọ́ padà: phytoplankton á fi irin náà pọ̀ sí i, wọ́n á sì fa gáàsì tó ń mú ayé gbóná kúrò nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan ti mú un lódodo. Èmi ò fara mọ́ ọn: ta ló mọ ohun tí irin yẹn á hù jáde?

Béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀ bóyá ẹja ṣì ń dé lásìkò tó ń dé tẹ́lẹ̀, kó o wá kọ̀wé sí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́láńlé