Lẹ́tà sí bàbá mi, agbẹ́gilére

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Mo lọ sí ààfin olódi Stirling ní Scotland lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin ni mo sì ń rò títí mo fi jáde.

Orí àpáta ni odi náà wà. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ̀rọ̀ ogun 1304, nígbà tí Edward Kìíní, ọba England, dó tì í fún oṣù mélòó kan. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Àjà ilé ni mo ń wò.

Ní nǹkan bí 1540 ni James Karùn-ún, ọba Scotland, kọ́ ilé tuntun sínú odi yẹn fún òun àti Mary of Guise, aya tó fẹ́ láti Faransé. Lára àjà ni wọ́n kan àwọn orí ènìyàn mọ́, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára pákó óákù roboto, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi mítà kan. Ọba wà níbẹ̀, ayaba wà níbẹ̀, Hercules, akọni inú ìtàn àwọn Gíríìkì, wà níbẹ̀, kódà aláwàdà ààfin wà níbẹ̀. Bàbá, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irùngbọ̀n wọn! Ẹ máa ń sọ pé a kì í bá ojú igi jà. Ẹni tó gbẹ́ ìwọ̀nyí kò bá a jà.

Àwọn sójà ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tó di 1777. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà já, ó sì ṣe ènìyàn léṣe, ni wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn kan lọ sílé onílé, àwọn mìíràn ṣègbé. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lé ní ọgbọ̀n, nítorí pé àwọn kan gbé e pamọ́. Àwọn ojúlówó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, a lè sún mọ́ wọn dáadáa. Gbẹ́nàgbẹ́nà òde òní kan fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ òmíràn tó jọ wọ́n, àwọn yẹn ni wọ́n kùn ní pupa, búlúù àti wúrà, tí wọ́n sì gbé sí àjà ní 2011. Ojúlówó aláìlọ́dà ló wù mí jù.

Bàbá, àwọn ilẹ̀kùn ìrókò tí ẹ gbẹ́, tí a yọ kúrò nígbà tí a ra ti onírin, ṣé wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná? Èmi náà wà lára àwọn tó ní onírin ló bóde mu. Ó dùn mí gan-an báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé wọn wọlé kí òjò tó dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n dáná. Tí mo bá dé ní Dèsẹ́ḿbà, a ó jókòó tì wọ́n, ẹ ó sì sọ fún mi ẹni tí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ọmọ yín