Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ní òun ò rántí Tainan

Àbúrò mi,

Mo rí fọ́tò tó o fi sórí status ẹ lánàá, ìwọ àti ike tíì oníwàrà tí kóró dúdú róbótó-róbótó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, o wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé fẹ́ẹ̀sì táìmù. Fẹ́ẹ̀sì táìmù kẹ̀? Kó o tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta lo ti ń fa sìtúrọ́ọ̀ ẹ̀, tí Mọ́mì á máa pariwo pé yóò há ẹ lọ́fun. Taiwan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láwọn ọdún 1980, ṣọ́ọ̀bù kan ní Taichung ní àwọn ni, òmíràn ní Tainan tiwa, ìlú tá a gbé níbẹ̀, ní irọ́ ni, àwọn ni, wọ́n jà á dé kóòtù. Stáàṣì ẹ̀gẹ́ sì ni kóró yẹn o, ẹ̀gẹ́ tá a fi ń ṣe gàrí níbí.

Yunifásítì ni Dádì ń lọ níbẹ̀, owó ò sí, ọjà alẹ́ ni gbogbo fàájì wa. Àwọn ọjà náà ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn bí ọjà ọrọọrún abúlé Màmá Àgbà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní bí wọ́n ṣe ń kà á, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọjà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni, dà dà wǔ huā dà wǔ huā, Mọ́ńdè àti Túsìdeè ti Dàdōng, Wẹsidé ti Wǔshèng, Tọ́sìdeè ti Huāyuán, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Sọ́ńdè.

O ò rántí búrẹ́dì pósí náà? Wọ́n á din búrẹ́dì tó nípọn, wọ́n á gbẹ́ inú ẹ̀, wọ́n á da ọbẹ̀ funfun kíki sí i, wọ́n á wá fi èèpo ẹ̀ dé e lórí. Ọjọ́ tí Mọ́mì gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀, ó ní ọmọ òun ò ní jẹ pósí láyé. Dádì ní létí àwọn ará ibẹ̀, orúkọ yẹn dún bí ipò àti ọrọ̀. Mọ́mì ní ọrọ̀ tó bá wà nínú pósí, kó máa jẹ́ ti olówó ẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ló ń dímú tá a bá kọjá níwájú tòfú olóòórùn (wàrà sóyà tó ń rùn), òun tó ń fi irú se gbogbo ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi adìẹ díndín ló máa ń dúró sí. Wọ́n á ju ewé tútù sínú epo gbígbóná, á ta pàràpàrà, òórùn ẹ̀ jọ ẹfinrin, ìbátan ẹfinrin náà sì ni. Á kàn dúró síbẹ̀, kò ní ra nǹkan kan, kò sì ní sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé. Dìguāqiú. Ànàmọ́ tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ stáàṣì ẹ̀gẹ́ àti ṣúgà, wọ́n á ṣù ú bí puff-puff kékeré. A-má tó ń tà á (ìyá àgbà ni a-má lédè ibẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀) á fi ìgbakọ oníhò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agbada, tó bá gbọ́wọ́ kúrò á wú, á tún tẹ̀ ẹ́, á tún wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí inú ẹ̀ á fi ṣófo. Tọ́sìdeè tá a lọ kẹ́yìn ká tó padà wálé, ní 2011, ó fún wa ní báàgì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó na ìka sí ẹ. O ń sùn lẹ́yìn Mọ́mì. Mo jẹ gbogbo ẹ̀ kí a tó délé. Nígbà tó o jí tó ò ń sunkún, mo ní o ti jẹ ẹ́ tán kó o tó sùn, àti ọjọ́ yẹn ni Mọ́mì ti ń pè ẹ́ ní Ajẹ-má-rántí.

Àbúrò mi, o ò rántí torí o ò jẹ ẹ́.

Mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ nílé láti Sátidé. Ìgbà méjì àkọ́kọ́, ó le bíi kúlíkúlí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wú. Mẹ́wàá ló wà nínú báàgì yẹn, mo kà á. Tó o bá ń bọ̀ ní Ísítà, pè mí kí n gbé epo kaná, má sì tíì sọ fún Mọ́mì.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ.