Ṣọ́ọ̀ṣì Onípákó Tí Wọ́n Fẹ́ Wó: Ta Ló Gun Àkàbà Wò Ó?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú tó ń bí mi ni mo fi mú gègé. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì onípákó àárín ìlú lọ́sẹ̀ tó kọjá! Wọ́n ní ilé náà ti gbó kọjá àtúnṣe, àfi kí wọ́n wó o kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun.

Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Wọn ò pe káfíńtà kankan tó mọ igi àtijọ́. Kò sẹ́ni tó gun àkàbà yọjú sí òrùlé. Ìta ni wọ́n dúró sí, wọ́n wo ọ̀dà tó ń ṣí lára ògiri, wọ́n sì dá ilé náà lẹ́bi.

Èmi yí i po. Lóòótọ́, ìdí ògiri ti ń rà lápá kan. Mo fi kọ́kọ́rọ́ gún un, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n ibo ló ti ń rà? Abẹ́ ibi tí gọ́tà ti já gan-an ni, níbi tí òjò ń dà sí, tí àwọn kan sì tún po sìmẹ́ńtì dí, tí wọ́n ní àwọn ń ṣàtúnṣe. Omi tó bá wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì ò rọ́nà jáde mọ́, igi á sì máa mu ún. Lókè ibẹ̀ díẹ̀, igi náà le koko, ojú àáké tí wọ́n fi là á ṣì hàn lára rẹ̀. Ẹ wo ibi tí òpó ti pàdé igi àjà: kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Ihò ni wọ́n dá, wọ́n gbẹ́ ẹnu igi kejì bọ̀ ọ́, wọ́n sì fi èèkàn igi há a pinpin. Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tó tẹ ìlú yìí dó nìyẹn. Bí ẹ bá wó o, níbo la tún ti máa rí i?

Wọ́n ní igi kì í pẹ́. Irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi Urnes ní Nọ́rwèy ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1979. Àwọn kọ́lékọ́lé tó ṣáájú níbẹ̀ ri òpó mọ́lẹ̀, ó rà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbé igi sórí òkúta, ó dúró. Nọ́rwèy náà ti kánjú rí: òfin kan jáde ní 1851 pé ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ lè gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ará ìjọ, wọ́n sì wó púpọ̀ nínú àwọn tí kò tóbi tó. 28 péré nínú irú ṣọ́ọ̀ṣì onígi àtijọ́ bíi ti Urnes ló kù fún wọn. Ní Petäjävesi, ìlú kékeré kan ní Fínlándì, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní 1879, wọ́n sì pa èyí onígi tì, ṣùgbọ́n wọn ò wó o. Ó wọ ìwé UNESCO ní 1994.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n wá àgbà káfíńtà kan, kó mú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi jáàkì gbé ẹrù òrùlé kúrò lórí ògiri. Kí wọ́n gé ibi tó rà nìkan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n wá igi irú kan náà tó ti gbẹ dáadáa, kí wọ́n gé ẹnu igi tuntun àti ti àtijọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n lè gbara lé ara wọn, kí wọ́n sì fi èèkàn há a bí ti àtijọ́. Kí wọ́n kọ ọdún sára igi tuntun náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ èyí tó jẹ́ ti òde òní. Kí wọ́n hú sìmẹ́ńtì yẹn dànù, kí wọ́n tún gọ́tà so. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa gun àkàbà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì tún gùn ún nígbà tó bá dá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyẹn á ti mọ ilé náà dénú, wọn á lè tọ́jú ẹ̀ títí ayé wọn.

Kí ìjọba náà fi òfin dáàbò bò ó. Kí wọ́n má gbàgbé iná o: ṣọ́ọ̀ṣì onígi Fantoft ní Nọ́rwèy jóná ní 1992, àwòkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lónìí.

Mo tún ń bi àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà: ta ló gun àkàbà? Kí wọ́n tẹ àbọ̀ ìyẹ̀wò jáde nínú ìwé ìròyìn yín, kí orúkọ káfíńtà tó ṣe é wà níbẹ̀, kí katapílà kankan tó wọ ọgbà náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín