Auto gèlè kì í ṣe nǹkan tuntun o, Olóòtú

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Ọ̀rọ̀ auto gèlè, ìyẹn gèlè tí wọ́n ti dì sílẹ̀, tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn ọmọge ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Télọ̀ lèmi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

Lọ́dún 2022, ọmọ àbúrò mi tó wà ní London lọ wo ìpàtẹ aṣọ Áfíríkà ní mùsíọ̀mù V&A, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ Shade Thomas-Fahm. Ọmọ wa ni màmá yẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n bá lọ sí London lọ́dún 1953, aṣọ ló wá gbà wọ́n lọ́kàn, wọ́n bá kúkú lọ kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ Saint Martin's, nígbà tó di 1960 wọ́n padà sí Èkó, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló ń di gèlè sílẹ̀ fún èèyàn, kó kàn gbé e lé orí ni, nígbà tí bàbá ẹlòmíì nínú àwọn tó ń ta auto gèlè lónìí ò tíì gbéyàwó. Wọ́n tún fi síìpù sí ìró.

Síìpù yẹn gan an ló gbá mi láyà, torí irú ẹ̀ wà nínú àpótí ìyá mi. Àlàárì ni, ó ti ń ṣá létí, káńfọ̀ ló ń rùn. Tẹ́ ẹ bá yí inú ẹ̀ síta, ẹ máa rí síìpù onírin níbi ìbàdí, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an mọ́ aṣọ pupa, àfi bíi pé òwú pupa tán lọ́wọ́ télọ̀ lọ́jọ́ náà. Àtikékeré ni mo ti ń rí i, mo sì rò pé ìyá mi ló ya ọ̀lẹ tí ò lè ró ìró, àṣé fáṣọ̀n Èkó ló ti wọ Ọ̀yọ́. Ta ló rán an? Ìyá mi ní ìyá télọ̀ kan lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ni. Orúkọ ńkọ́? Wọn ò rántí mọ́.

Lọ́dún 2021, kí ìpàtẹ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ṣe ni mùsíọ̀mù náà kéde pé káwọn aráàlú tó bá ní aṣọ Shade, tàbí ti Kofi Ansah ọmọ Gánà, lọ tú àpótí wọn wò, kí wọ́n mú fọ́tò ẹbí wá. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àǹtí mi kan gé léèsì ìyá wọn, wọ́n fi ṣe ìbòrí pílò. Èyí tó sì bá iná Akẹ̀sán lọ ní 2020, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Olóòtú, ọ̀sẹ̀ wo lẹ ò kí gbé fọ́tò òkú olóyè jáde? Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé péré, kí ẹni tó bá ní fọ́tò ìyá ẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n rán ní Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìsẹ́yìn fi ránṣẹ́, kó sì kọ orúkọ télọ̀ sí i. Kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́ o, ìyẹn ò le, télọ̀ ni mò ń wí.

Èmi ni màá kọ́kọ́ fi ti ìyá mi ránṣẹ́. Ẹni tó bá sì mọ ìyá télọ̀ tó ń fi òwú dúdú rán síìpù lẹ́bàá Akẹ̀sán láyé ìjọ́sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orúkọ wọn.

Ìyá Télọ̀,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́