Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí fírémù mọ́tò tó wà nínú igbó

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àwòrán fírémù, egungun irin mọ́tò, tó o rí nínú igbó tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn sí i. O fẹ́ mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ná: má tíì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń họ irin kan fírémù yẹn. Bí ìpẹtà bá ṣẹ́ díẹ̀ kù lára nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i, ẹ̀rọ yẹn á gbá ìyókù lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà.

Nọ́ńbà kọ́ lo máa kọ́kọ́ wá. Sípíríǹgì, irin pẹlẹbẹ títẹ̀ tó ń gbé mọ́tò ró, ni kó o wò. Nínú àwòrán rẹ, ó dábùú láti ẹsẹ̀ òsì dé ẹsẹ̀ ọ̀tún, níwájú àti lẹ́yìn. Ká ní ó nà tẹ̀lé irin gígùn fírémù ni, ilé iṣẹ́ tó lè ṣe é ì bá pọ̀ jù, Chevrolet á wà lára wọn. Àmọ́ bó ṣe dábùú síwájú sẹ́yìn yìí, Ford ni ọkàn mi lọ, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà láti orí Model T ti 1908 títí di 1948. Sípíríǹgì iwájú Austin Seven, mọ́tò kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà dábùú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Wá mú téèpù. Wọ̀n ọ́n láti àárín họ́ọ̀bù (ìdí ibi tí ẹsẹ̀ mọ́tò ti ń yí) iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ iwájú kọjú síwájú gan-an, kí téèpù má sì rọ̀. Wọn òsì, wọn ọ̀tún. Bí wọ́n bá fi tó íǹṣì kan ju ara wọn lọ, áàsù, irin tó so ẹsẹ̀ òsì pọ̀ mọ́ ti ọ̀tún, ti yẹ̀ nìyẹn. Ro méjèèjì pọ̀, kó o pín in sí méjì. Bó bá jẹ́ 100 íǹṣì, Model T ni. 103½ jẹ́ Model A, 1928 sí 1931. 106 ni ti 1932, 114 sì ni ti 1941 sí 1948. Bó bá kéré tó 90, wá a láàárín àwọn Ford kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú Model Y.

112 ló gba sùúrù, torí wọ́n lò ó láti 1933 dé 1940. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o wo sípíríǹgì iwájú. Bó bá jókòó sórí áàsù, 1933 tàbí 1934 ni. Bó bá ti sún síwájú áàsù, ó ti di 1935 sókè. Lẹ́yìn náà, wo bíréèkì. Ọ̀pá tàbí wáyà ló ń fà á títí di 1938. 1939 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í lo bíréèkì olómi, èyí tí omi bíréèkì inú páìpù ń tì. Àmọ́ ṣọ́ra níbí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé bíréèkì olómi sára èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíríǹgì ni kó o gbà gbọ́ ju bíréèkì lọ.

Yẹ ibi tí irin ti so pọ̀ wò pẹ̀lú. Rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó irin tí wọ́n lù pa) olórí roboto ni ti ilé iṣẹ́. Níbi tó o bá ti rí bóòtù tuntun tàbí ojú irin jíjó tó rí gbágungbàgun, ẹnì kan ti tún un ṣe, áàsù ibẹ̀ sì lè jẹ́ ti mọ́tò mìíràn.

Ó wá kan nọ́ńbà. Ara ẹ́ńjìnnì ni ti Model T sábà máa ń wà, nítorí náà má gbọ́kàn lé fírémù rẹ̀ jù. Ti Model A wà lórí irin gígùn apá òsì, lápá iwájú, níbi tí bọ́dì bò. Lẹ́tà A ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbọn eruku ibẹ̀, da kẹrosíìnì sí i, kó o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Búrọ́ọ̀ṣì tí wáyà rẹ̀ jẹ́ idẹ ni kó o fi fọ̀ ọ́, torí idẹ rọ̀ ju irin lọ. Nígbà tó bá gbẹ, fi ẹfun pa á, kó o nu ojú rẹ̀: ẹfun á kù sínú ihò lẹ́tà. Tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè.

Nọ́ńbà tó yọ síta lára irin dídà kì í ṣe ti mọ́tò kan ṣoṣo. Orúkọ irú ẹ̀yà yẹn ni. Èyí tí wọ́n lù wọnú ni tirẹ̀.

Kó o tó ṣí bóòtù kankan, gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Fi ìwọ̀n òsì àti ọ̀tún ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán áàsù iwájú láti ẹ̀gbẹ́.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́